Ẹsẹ̀ Tó Yọ Lábẹ́ Aṣọ

Agbóòórùn, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn ike lára èèyàn, ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, gbogbo àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà Oko Irúgbìn sì yẹra fún obìnrin tó wà níwájú wọn bí ẹni pé ejò ló gbé wá.

"Irun yín ni, Màdáámù," ni Fámákin wí. Ó nawọ́ sí irun náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọwọ́ òun kàn án. "Ike ni."

Obìnrin náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n rán wá ka ebè ọdún yẹn, fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Ẹni tó tà á fún mi ní irun ẹṣin ni."

"Ẹṣin yẹn á ti jẹ ọ̀rá yó kó tó kú," ni Ìgè dá sí i láti ẹ̀yìn.

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ìgè náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì kó bá a. Bí ikùn rẹ̀ ti ń mì, nǹkan yọ jáde ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ó rọ̀, ó sì tóbi tó àgbálùmọ̀. Ìgè yára tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ tún okùn ṣòkòtò so, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í padà sínú. Ó ti mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa, kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Nígbà tó gbé orí sókè, Fámákin ń wò ó. Fámákin sì yára gbé ojú kúrò.

Ìgè kò fẹ́ràn ìwò yẹn. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, olórí àwọn akọbè Oko Irúgbìn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọkọ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí kò tíì sọ lórúkọ nínú oko náà. Fámákin yìí, tí wọ́n jọ dàgbà, tí ebè wọn sì kángun síra, òun ló sọ ọ́ ní Ìsinmi. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni, tí iṣẹ́ ń gbóná lọ́wọ́, Fámákin ní òun fẹ́ lọ kí àna òun ní Ìkàrẹ́, ó sì pẹ́ lọ́hùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tó dé, ó tún ní ẹ̀yìn ń dun òun, òun ò lè kọ ebè. Láti ìgbà náà, tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Baba Ìsinmi. Fámákin kì í bínú, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ẹni tó bá sì ń sọ gbogbo ayé lórúkọ báyẹn kò ní fẹ́ kí ayé gbọ́ pé òun ní ìpá.

"Nítorí irun lásán?" obìnrin ìjọba náà ṣì ń wí. "Kí ni irun fẹ́ fi iṣu ṣe?"

Ẹ̀yìn ọgbà ni èsì ti wá. Baba Gbádé ló jókòó sórí òkúta rẹ̀ lábẹ́ igi, níbi tó máa ń jókòó sí láràárọ̀. "Ẹ lọ bi àwọn ará ìsàlẹ̀ odò," ló wí. "Ike wẹ́wẹ́ wọ ilẹ̀ wọn. Iṣu wọn ń ta ewé tó tutù yọ̀yọ̀, ẹ hú u, ẹ ò bá nǹkan kan nídìí ẹ̀. Inú ọgbà yìí nìkan ni gbogbo wọn ti ń rí èébù tó ń ta, ọmọ mi. Ẹ bọ́ irun."

Ó bọ́ ọ. Wọ́n gbé e kọ́ sórí pákó ẹnu ọ̀nà, níbi tí bàtà, bọ́tìnnì, bẹ́líìtì àti ìyarun àwọn àlejò máa ń wà. Ó wọlé pẹ̀lú orí rẹ̀ gangan àti ẹsẹ̀ lásán, bí gbogbo àwọn yòókù. Agbóòórùn fa èémí sí i lára, kò sì sọ nǹkan kan.

"Ìgè," Baba Gbádé pè. "Iṣu efùrù ńkọ́?"

"Ewé ti gbẹ tán, Baba. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wa á."

"Mú ọ̀kan wá sí etí ọgbà kí n rí i."

Ìgè ní òun á mú un wá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Baba Gbádé fi ṣe olórí oko náà kó tó kan Ìgè. Ìpá ló ṣe é ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n fi àwọ̀n ike tún un ṣe, lọ́jọ́ tó sì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, Agbóòórùn ké mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó bú u, wọ́n tilẹ̀ sunkún fún un. Ṣùgbọ́n irun ṣeé bọ́, àwọ̀n tí ara ti hù bò kò ṣeé bọ́. Látìgbà náà, orí òkúta yẹn ló ti ń béèrè àlàáfíà iṣu tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ìgè kò lè wo òkúta náà pẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

* * *

"Ẹ wúkọ́, Baba," ni Dókítà Ìbídùn wí.

Ìgè wúkọ́. Nǹkan náà ti ìka dókítà síta.

"Ẹ tún wúkọ́. Ó ti tó. Kò tíì há, ẹ dúpẹ́."

Àrìnpé, ìyàwó Ìgè, ló jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, àpò rẹ̀ lórí itan. Òun nìkan ló mọ̀ nípa ìpá náà títí di ọjọ́ yẹn, òun ló sì fi ẹkún àti ìbínú lé ọkọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Lára ògiri níwájú wọn ni Abániṣírò wà, ẹ̀rọ tí òfin ní kó máa bá gbogbo aláìsàn ṣírò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ohùn rẹ̀ tutù, kò yára, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

"Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta," ló wí. "Akọbè, agbérù. Ihò náà fẹ̀ tó orí àtàǹpàkò. Àwọ̀n ni mo dábàá. A ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ihò náà, ara á hù wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ló máa ṣe é, kò ní pé wákàtí kan. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ti bíi méjì ló máa ń padà."

"Tí èèyàn ò bá fẹ́ àwọ̀n ńkọ́?" Ìgè béèrè.

"Ìránpọ̀ ni. Wọ́n á fa ẹran ara fúnra rẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á rán an. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe ìyẹn. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n rán, ti bíi mẹ́rin ló ń padà nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n rán, ó lè lé ní mẹ́wàá. Kò sí nínú ohun tí mo dábàá."

"Ẹ fi àwọ̀n sí i," ni Àrìnpé wí.

"Àrìnpé."

"Ẹ fi àwọ̀n sí i, Dókítà. Ìpá ló pa bàbá tó bí mi. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bò ó mọ́ abẹ́ aṣọ. Lọ́jọ́ tí ìfun há síbẹ̀, ó ń jẹ̀rora nílẹ̀, ó ní inú rírun ni, kí a wá àgbo fún òun. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ọmọ́lará, ọkọ ni mo fẹ́, n ò fẹ́ iṣu."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìgè, nítorí pé òtítọ́ ni.

"Èébù mẹ́ta ni ìyá mi fún mi nígbà tó fẹ́ kú," ló wí. "Ó ní efùrù tí ìyá òun fún òun ni. Mẹ́ta péré. Ọdún méjìlélógún ni mo fi sọ mẹ́ta yẹn di ogójì ebè. Ọdún yìí ló máa kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ọgbà lọ sí oko àwọn èèyàn. Tí àwọ̀n bá wà nínú mi, orí òkúta Baba Gbádé ni n ó jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gé e, n ó máa wo ẹni tó ń gé efùrù ìyá mi bí ẹni ń gé ẹ̀gẹ́."

"Ṣé kò sí àwọ̀n tí kì í ṣe ike?" Àrìnpé bi ẹ̀rọ náà.

"Ti awọ màlúù wà," ni Abániṣírò wí. "Ó máa ń yọ́ dànù kí ara tó le. N kò dábàá rẹ̀ fún akọbè."

Dókítà Ìbídùn fa àga sún mọ́ wọn. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, irun rẹ̀ funfun, àwọn ìka rẹ̀ gùn, wọn kò sì gbọ̀n. "Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ̀rọ ò ní sọ," ló wí. "Àwọ̀n kì í ṣe ọ̀tá yín. Ká ní ìgboro lẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni, n ó ní kí ẹ gbà á, kí ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ti rán ìpá tó lé ní ẹgbẹ̀ta. Mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀, mo sì ń ránṣẹ́ bi wọ́n lọ́dọọdún bóyá ó padà. Mo mọ̀ ọ́n rán. Àmọ́ èmi kọ́ ló máa yàn fún yín. Òfin ní kí n má fi ọ̀bẹ kàn yín títí ẹ ó fi jókòó ti ẹlẹ́rìí méjì: ẹnì kan tó gbé àwọ̀n sára, ẹnì kan tí wọ́n rán pọ̀. Wọ́n wà ní yàrá kejì."

Ojú ti Ìgè láti dìde, nítorí ẹlẹ́rìí á mọ̀ pé ó ní ìpá. Nọ́ọ̀sì ní kó má bẹ̀rù, aṣọ máa ń wà láàárín, ẹlẹ́rìí kì í rí aláìsàn, aláìsàn kì í rí ẹlẹ́rìí.

* * *

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ti ká aṣọ kúrò fúnra rẹ̀. Baba Gbádé ni.

"Kí ni n ó tún fi pamọ́?" ló wí fún nọ́ọ̀sì tó ń bá a jà. "Agbóòórùn ti ké mi síta níṣojú gbogbo oko." Ló bá yíjú, ló bá rí Ìgè. "Háà. Ìwọ ni."

"Èmi ni, Baba."

"Jókòó, ọmọ mi. Àrìnpé, o káàbọ̀." Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan gbé àga tó jókòó lé sókè, ó sì gbé e kalẹ̀. "Ẹ ti rí i. Àwọ̀n náà dára. Mò ń pọn omi, mò ń gbé ọmọ-ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dùn mí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i."

"Ṣé ẹ kábàámọ̀, Baba?" ni Àrìnpé béèrè.

Àgbàlagbà náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lásán ló fi wọn sílẹ̀, eruku wà lára wọn. "Tèmi ti há kí wọ́n tó gbé mi débí. Wọn ò ráyè bi mí ní nǹkan kan, mi ò sì ráyè bi ẹnikẹ́ni. Mo wà láàyè, n kò kábàámọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ra bàtà fún mi, mi ò lè wọ̀ ọ́. Kò sí òwúrọ̀ kan tí ẹsẹ̀ mi kì í wá ebè." Ó fọwọ́ kan Ìgè léjìká bó ti ń jáde. "Ìwọ ráyè. Ìyẹn ló yàtọ̀."

Nọ́ọ̀sì wá ta aṣọ náà padà. Aṣọ òwú funfun ni, ó sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà dé agbede-méjì ojúgun. Ìlẹ̀kùn kan ṣí lódìkejì, àga dún.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ káàárọ̀, mà," ni ohùn ọmọdébìnrin kan wí.

Àrìnpé wo nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀rọ ló ń yí ohùn wọn padà," nọ́ọ̀sì sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọkùnrin ni."

"Ó tó ọdún mélòó tí wọ́n ti rán yín?" ni Àrìnpé bi aṣọ náà.

"Ọdún mọ́kànlá, mà."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Iṣẹ́ agbára ni. Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń nàró, mo ń gbé ẹrù."

"Ṣé ó ti padà rí?"

"Rárá, mà. Ọ̀sẹ̀ méje ni mi ò gbé nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo rọra ń ṣe díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbàgbé pé ohunkóhun ṣe mí."

Ojú ń ti Ìgè láti tẹjú mọ́ aṣọ, ó wá ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ẹsẹ̀ méjì.

Àwọn tó ṣe òfin yẹn, ará ìgboro ni wọ́n, bàtà ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n bo ojú, wọ́n yí ohùn padà, kò wá sọ́kàn wọn pé ẹnikẹ́ni lè fi ẹsẹ̀ dá èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bàtà nínú Oko Irúgbìn. Àwọn tí ẹ̀yìn wọn tẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ lórí ebè, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń rí, ojú kọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì tó wà lábẹ́ aṣọ náà sì là sí méjì láti èékánná. Ìgè mọ àtàǹpàkò yẹn. Ọkọ́ òun fúnra rẹ̀ ló là á, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, lọ́jọ́ tí wọ́n ń du ta ni yóò kọ́kọ́ kọ igba ebè.

Ọdún mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ méje. Kò sí àna kankan ní Ìkàrẹ́. Ọkùnrin yìí dá nìkan dùbúlẹ̀ síbí, wọ́n rán an, ó padà wálé pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tuntun, ẹni tó pè ní ọ̀rẹ́ sì sọ ọ́ ní Ìsinmi lójú gbogbo oko. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgè kò tíì rí ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ tì í lójú tó báyìí.

Òfin kò gbà kó pe orúkọ ẹlẹ́rìí. Ó tún ọ̀fun ṣe.

"Nígbà tí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́," ló wí, "ṣé wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan sọ mí lórúkọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ òtítọ́ fún un?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo bẹ̀rù. Ká sì sọ tòótọ́, orúkọ tó fún mi ṣì sàn ju èyí tí ì bá fún mi ká ní ó mọ̀ lọ."

Ìgè kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Ìpá náà yọ. Kò tẹ̀ ba, kò di okùn ṣòkòtò mú, ó kàn fi ọwọ́ tì í padà lójú nọ́ọ̀sì àti ìyàwó rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ yín yẹn," ló wí, "òmùgọ̀ ni."

"Mo mọ̀," ni ohùn náà wí.

"Kí ló wá gbé yín wá jẹ́rìí?"

"Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ni. Mo rí i tó tẹ̀ ba lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń so okùn ṣòkòtò. Kò sí okùn tó ń tú tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti so irú okùn yẹn rí, sà. Mo wá kọ orúkọ mi sílẹ̀ níbí lọ́jọ́ kejì, mo ní bóyá ó máa wá."

Àrìnpé ò mọ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò gọ̀. Ó wo aṣọ, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń nu ojú, kò sì bi í ní nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì wá ṣí ihò kékeré tó wà lára aṣọ náà, bí òfin ti wí, Ìgè sì na ọwọ́ gbà á wọlé. Àpá náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú aṣọ tí wọ́n rán, abẹ́ rẹ̀ le.

"Ẹ wúkọ́," ni Ìgè wí bíi dókítà.

Ẹlẹ́rìí wúkọ́. Nǹkan kan kò mira lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ní kó tún wúkọ́, ó sì tún wúkọ́.

"Ṣé ó le?" Àrìnpé béèrè. Ó fẹ́ nawọ́ fúnra rẹ̀, ojú tí nọ́ọ̀sì fi wò ó ló dá a dúró.

"Ó le bí ògiri," ni Ìgè wí. "O ṣeun," ló sọ fún aṣọ náà, bí èèyàn ṣe ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀. "O ṣeun gan-an."

* * *

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, Àrìnpé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bí mẹ́rin bá ń padà nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá wá jẹ́ pé tiwa wà nínú mẹ́rin ńkọ́?"

"Àwọ̀n ṣì wà níbí nígbà náà," ni Dókítà Ìbídùn wí. "Ẹni tí wọ́n rán lè padà wá gba àwọ̀n. Ẹni tó ti gba àwọ̀n, ara ti hù wọ inú rẹ̀, yíyọ rẹ̀ kì í ṣe eré. Ohun tó pa bàbá yín kì í ṣe ìránpọ̀, ìyá. Bíbò ló pa wọ́n. Bí ọkọ yín kò bá ní bò ó, kò sí ìdí tí yóò fi pa á."

Àrìnpé mí kanlẹ̀. Kò tíì mí bẹ́ẹ̀ láti oṣù méjì. "Ìlérí kan ni mo fẹ́," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, títí a ó fi darúgbó, ẹ ó máa wúkọ́ sí mi lọ́wọ́. Èmi ni n ó máa fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó ti ìka mi, àwọ̀n ni, kò sí àwíjàre, efùrù ni o, ewùrà ni o."

"Mo gbà."

"Ẹ búra."

Ó búra. Ó wá rántí nǹkan, ẹ̀rù tún bà á. "Dókítà, okùn wo lẹ fi ń rán an?"

"Irin. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun."

"Agbóòórùn ò ní ké?"

"Ṣé ó máa ń ké mọ́ ọkọ́ yín ni?"

"Rárá o."

"Ilẹ̀ tó gba ọkọ́ á gba okùn irin, Baba."

Abániṣírò ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn yan ohun tí òun kò dábàá. Dókítà kọ ọ́, Ìgè sì fọwọ́ sí i. Wọ́n tún bi í bóyá òun náà á wá jẹ́rìí fún ẹlòmíràn tó bá sàn. Ó ní òun á wá, kí wọ́n sá ká aṣọ yẹn kúrò tàbí kí wọ́n jẹ́ kó gùn dé ilẹ̀, nítorí bó ṣe wà yẹn, kò wúlò fún àwọn ará Oko Irúgbìn. Nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tó ń sọ.

Ìgè wa efùrù rẹ̀ kó tó lọ, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ̀kan fún Baba Gbádé létí ọgbà. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ketekete. Abẹ́rẹ́ pa ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ kú, ó ń gbọ́ bí dókítà ṣe ń ka ìpele fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ó ń fa ẹran lé ẹran bí ẹni ń wé gèlè tí kò gbọdọ̀ tú. Ó dáwọ́ dúró lágbede-méjì, ó ní, "Ẹ wúkọ́, Baba." Ìgè wúkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ó dára," ni dókítà wí, ó sì ń rán lọ. Ìgè kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó yẹn rí láyé.

* * *

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méje pé, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà, èébù sì ti wà nílẹ̀ fún gígé. Ìgè dé ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀, gbogbo wọn ti tò. Kò sọ ibi tó ń lọ fún wọn nígbà tó kúrò. Obìnrin ìjọba náà wà lórí ìlà, ó ti gé irun ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Baba Gbádé dìde lórí òkúta rẹ̀ láti wò.

Agbóòórùn fa èémí. Ó fà á gùn, ó gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, tàbí bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí létí Ìgè. Ẹ̀rọ náà mí jáde, kò ké, iná aláwọ̀ ewé tàn, Ìgè sì wà nínú oko. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi fẹ́ sunkún.

"Ẹ káàbọ̀ o," Fámákin kí i látọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ìkàrẹ́ ńkọ́? Ṣé àna yín wà dáadáa?"

Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń retí kí Ìgè dá a padà fún un pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

"N kò lọ sí Ìkàrẹ́," ni Ìgè wí. "Ìpá ni mo ní. Mo lọ rán an."

Ọkùnrin méjì nínú wọn wo ilẹ̀.

"Nǹkan kejì," ló tún wí, "orúkọ Ìsinmi yẹn, èmi ni mo fún Fámákin, mo ti gbà á padà. Láti òní lọ, èmi ni kí ẹ máa fi pè. Ẹ má bi mí ní ìdí." Lẹ́yìn náà, lójú gbogbo wọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kúrò lára ikùn rẹ̀, ó sì wúkọ́ tagbára-tagbára. Kò sí ohun tó yọ.

Fámákin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wúkọ́. Láti ẹ̀yìn ọgbà, Baba Gbádé gbé efùrù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí òkúta, òun náà sì wúkọ́ tirẹ̀, ó dún ju ti àwọn méjèèjì lọ.

"Ikọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí mà le o," ni obìnrin ìjọba náà wí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Ìgè rín tirẹ̀ títí omi fi jáde lójú rẹ̀, kò tẹ̀ ba, kò sì fọwọ́ kan okùn ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó ti efùrù ìyá rẹ̀, Fámákin jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé èébù.